Ògiri Ọpẹ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sìmẹ́ńtì Bò

Súnmọ́nù, gbé páànù sìmẹ́ńtì yẹn kalẹ̀. Ìwọ àti àwọn birikilà tó tẹ̀ lé ọ, ẹ wá ibi jókòó. Mo mọ ẹni tó rán yín. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ló ní kí ẹ wá rẹ́ ògiri yìí, nítorí àlejò ń bọ̀ lọ́la, ojú sì ń tì í pé àlejò yóò kà á lára ògiri wa pé a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìkán àti oyin. Ó ní kí ẹ fi orúkọ Ògúnṣakin àti orúkọ tèmi sílẹ̀, kí ẹ bo gbogbo ìyókù, kí wọ́n wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi pé èmi ni ọ̀gá olùwádìí. Mo gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi bá mi lórí àga níwájú ògiri, tí ẹ sì rí ìbọn lẹ́sẹ̀ mi. Kò sí ọta nínú ìbọn náà, kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹnu mi ni mo fẹ́ lò. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ yín ṣì lè bo àwọn orúkọ yìí, n ó gbé àga mi, n ó sì máa lọ sílé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé sìmẹ́ńtì yóò gbẹ, ẹ máa bu omi sí i.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ògúntọ́nà ọmọ Ọdẹ́jìnmí. Ẹfọ̀n tó lé gbogbo ọdẹ Òkè-Àgbàrá gun igi lọ́jọ́sí, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí igi lọ bá a, ìwo rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi títí di òní. Mo ti rí ohun tó ní orí méjì tí orí méjèèjì ń bá ara wọn jà, mo kí wọn, mo kọjá. Ṣùgbọ́n ẹran pípa kọ́ ló ń mú inú mi dùn jù. Idẹ ni. Mo fẹ́ràn àwọn àmì-ẹ̀yẹ idẹ, àwọn roboto kéékèèké tí wọ́n ya àwòrán sí lójú, tí wọ́n fi ń yẹ́ èèyàn sí. Bí mo bá rí ọ̀kan, n kì í sùn dáadáa títí n ó fi mọ ẹni tó dà á, ọdún tó dà á, àti ìdí tó fi dà á, n ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Ìyàwó mi ní ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń lé obìnrin, ọkọ tòun ń lé idẹ, òun ò sì mọ èyí tó sàn. Àwọn kan nínú yín ti fi mí rẹ́rìn-ín nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, eyín yín ò ní ká.

Ní ọdún tí gbọ̀ngàn yìí ń parí lọ, Ìyá Àwẹ̀ró wá bá mi. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó tú ìṣẹ́po aṣọ, ó mú àmì-ẹ̀yẹ kan jáde. Àwòrán obìnrin kan ló wà lójú rẹ̀, tó ń da omi ìkòkò sórí òrùlé tó ń jó. Èèyàn ń wo omi náà bí ẹni pé yóò ta sí òun lára. Ó ní ìyá òun ni obìnrin náà, òun ló pa iná tí ì bá jó ọjà run láyé àtijọ́, ìlú ní kí wọ́n fi idẹ yẹ́ ẹ sí, bàbá òun Ògúnṣakin sì ni asúdẹ tó dà á. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ fi idẹ náà kọ́ sára gbọ̀ngàn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dà á sábẹ́ rẹ̀. Olóyè Arówólò ti sọ fún wọn pé bàbá tòun ló dà á. Olóyè lówó, olóyè lẹ́nu, ta ni yóò gbọ́ ti opó afọ́jú? Ìyá Àwẹ̀ró ní ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà, ó wà lẹ́yìn idẹ. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ògúnṣakin, títí kan bàbá Arówólò, ẹsẹ̀ àparò ni wọ́n ń fín sẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Ògúnṣakin nìkan ló ń fi ìlà kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja sí i.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Làmídì. Ẹ rántí rẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó ní dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kó idẹ lọ bá a, kì í sọ pé ó rẹ òun. Ó fi dígí wò ó. Èéfín àti ẹ̀gbin ti dí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ àparò ló rí, kò rí ìwọ̀. Ó ní, "Ògúntọ́nà, má fọ̀ ọ́ o. Mú un wá lọ́la, a ó fi òróró àti òwú rọra nù ún." Mo ní mo gbọ́.

Ẹ̀yin ará, mo fọ̀ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìlú kan náà la jọ ń gbé. Bí ẹnìkan bá fi ohun èlò idẹ rẹ̀ sọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ó dá a padà ní dúdú ni? Àbùkù ni. Ìyá tó bí mi lọ́mọ fi kọ́ mi pé a kì í dá abọ́ olábọ́ padà láìfọ̀. Mo bá gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú, mo bu yanrìn odò, mo fi kànìnkànìn gbo ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kọ mànà. Inú mi dùn. Mo gbé e lọ fún Ìyá Àwẹ̀ró kó lè fọwọ́ kàn án bó ṣe dán tó. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá a títí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tún wá a. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ògúntọ́nà, níbo lo gbé bàbá mi sí?"

Èmi tí mo kọjú sí ẹfọ̀n, mo sá fún ìyá arúgbó. Mo padà tọ Bàbá Làmídì lọ, mo ní kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jókòó ká ronú." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kí idẹ tó di idẹ, ìda oyin ni asúdẹ kọ́kọ́ fi ń mọ àwòrán náà, pẹ̀lú àmì ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò fi amọ̀ bo ìda, yóò yan án níná, ìda yóò yọ́ jáde, yóò da idẹ gbígbóná sí ojú ihò tó ṣófo, yóò sì fọ́ amọ̀ dànù. Ó ní, "Nínú Igbó Agbórúkọmì ni Ògúnṣakin ti ń bu amọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń gba ìda. Ohun tó bá ti gba ọwọ́ amọ̀ àti ìda ibẹ̀ lè má tíì kúrò nínú wọn. Lọ bi wọ́n." Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n kọ orúkọ Arówólò sí ògiri. Mo gbé ìbọn, mo lọ.

N kò ní sọ ohun tí mo jẹ lọ́nà fún yín, n kò sì ní sọ iye ẹ̀gún tó gún mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn kó lọ tẹ ẹ̀gún tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni mo dé ibi tí ilẹ̀ ti pupa, mo gun òkè kékeré kan láti wo iwájú, òkè náà sì fọhùn lábẹ́ mi pé, "Ta ló ń tẹ̀ mí léjìká?" Mo fò sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, láti ìbàdí rẹ̀ sókè èèyàn ni, láti ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ ilé ìkán ni. Ìkán ń wọ irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n ń gba imú rẹ̀ jáde, kò sì jọ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá Ògán nìyẹn. Mo fi ìgbéraga dáhùn, mo ní, "Èmi ni Ògúntọ́nà, apẹ̀fọ̀n, ọkùnrin tó..." Ó dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o pa. Ta ló júwe ọ̀nà fún ọ?"

Mo ní, "Bàbá Làmídì ni."

Ó ní, "Èyí dára ju ti ẹfọ̀n lọ. Dá mi lóhùn, ọdẹ. Kí ni ọmọ aráyé ń kọ́ kí wọ́n lè wó o? Bí kò bá wó, iṣẹ́ bàjẹ́. Bó bá wó tán, kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Ahéré oko ni."

Ó ní irọ́ ni, ahéré tí kò wó kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo ní àtíbàbà ìnáwó ni. Ó ní kí n máa lọ sílé lọ jẹun, ebi ló ń pa mí. Ìkán ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun bàtà mi, awọ bàtà náà sì ti ń tán lọ. Mo wo ilẹ̀ pupa náà, ọ̀rọ̀ Bàbá Làmídì sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, amọ̀ tí asúdẹ fi ń bo ìda ni."

Bàbá náà pe àwọn ìkán rẹ̀ padà. Ìkán kúrò lára bàtà mi. Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yin idẹ, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa dárúkọ mi sí i. Wọ́n a yin iná, wọ́n a yin asúdẹ, wọ́n a yin ẹni tó fi í sọ́rùn. Èmi tí mo gba iná sára fún wọn, wọ́n á fi òòlù fọ́ mi, wọ́n á gbá mi dànù." Ó bu ìṣù amọ̀ kan níbàdí ara rẹ̀, ó tutù, ó rọ̀, ó gbé e fún mi. Ó ní òun kì í rántí ojú ohunkóhun, nítorí wọ́n ti fọ́ òun tán. Ó ní oyin ló ń rántí, kí n lọ sí ìdí igi àràbà tó la inú. Mo bi í pé kí ni n ó fi san oore náà. Ó ní, "Pe orúkọ mi níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Má sọ pé àwọn kan tún ràn ọ́ lọ́wọ́. Pe orúkọ mi." Súnmọ́nù, wo ìlà kẹta lára ògiri yẹn. Òun nìyẹn. Òun ni wọ́n ní kí o fi sìmẹ́ńtì dí lẹ́nu.

Nídìí àràbà, kí n tó ṣí ẹnu, Ìyá Oyin ti mọ̀ mí. Obìnrin ńlá ni, ara rẹ̀ jẹ́ ìda láti òkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ohùn ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń kùn pọ̀. Ó ní, "Ìwọ ni ọdẹ tó fi ògùṣọ̀ jó ilé wa ní èèṣí. Àgbá oyin kan lo fẹ́, ìlú kan lo pa." Òótọ́ ni. N kò jiyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ìyá, mo jẹ̀bi. Oyin kọ́ ni mo wá gbà lónìí. Mo wá nítorí ọmọ kan tí kò rí bàbá rẹ̀ mọ́." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ìwọ yìí, bó o bá ti rí nǹkan, àfi kí o jó o tàbí kí o fọ̀ ọ́." Àwọn oyin rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò ràn mí lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ òun bá lè bà lé mi lójú títí iṣẹ́ yóò fi parí, tí n kò sì ní lé ẹyọ kan. Wọ́n bà lé mi. Wọ́n bo ìpéǹpéjú mi, wọ́n bo ètè mi, méjì wọ inú etí mi lọ jíròrò. Àwọn tó bá mi bínú jù ta mí, mo ka mọ́kànlá kí n tó ṣi wọ́n kà. N kò mira. Kì í ṣe pé mo gbóyà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àtàǹpàkò ìyá arúgbó yẹn ni mò ń rí lójú mi.

Nígbà tí wọ́n kúrò, ẹ̀yìn àmì-ẹ̀yẹ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Oyin, ó fi ìda ara rẹ̀ mọ ọ́n. Àmì náà kò sí láàárín rárá. Etí ló wà, nísàlẹ̀ ihò tí okùn ń gbà kọjá. Ẹsẹ̀ àparò nìyí, ìwọ̀ ẹja nìyí lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìda wa kì í gbàgbé ọwọ́ tó mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bí oòrùn bá fojú kàn án, kò ní ní ojú mọ́. Abẹ́ igi ni kí o máa gbà." Mo dúpẹ́, mo búra pé n kò ní fi iná kan ilé oyin mọ́ láé. Títí di òní, bí oyin bá ń bẹ nínú igi, mo máa ń kí wọn ni, mo ń bá tèmi lọ. Ìyàwó mi ń fi ṣúgà mu ẹ̀kọ.

Abẹ́ igi ni mo gbà o, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ni igbó yẹn ní, orí àpáta gbalasa kan ló gbà kọjá, oòrùn ọ̀sán gangan sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ni igbó jókòó sí àárín ọ̀nà. Agbórúkọmì ga tó òrùlé méjì, ẹnu rẹ̀ la láti etí dé etí, ikùn rẹ̀ tóbi, ikùn náà sì ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe tẹ́tí sí i, orúkọ èèyàn ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n ń pe ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ọdẹ akin, má bẹ̀rù. Mi ò ní jẹ ọ́. Ẹni tó bá mú nǹkan jáde níbí, orúkọ ló fi ń san án."

Mo ní, "Orúkọ mi ni Ògúntọ́nà. Gbà á, jẹ́ kí n kọjá."

Ó ní, "Háà, tìrẹ kọ́. Tìrẹ yóò gbayì nílé. Orúkọ àwọn tó ràn ọ́ lọ́wọ́ ni mo fẹ́. Sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n ó gbé e mì, aráyé yóò gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni wọn yóò máa yìn. Kí lo pàdánù? Ọkùnrin kan gba ibí kọjá nígbà kan rí, Arówólò lorúkọ rẹ̀, asúdẹ ni, bàbá olóyè yín. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló fún mi. Kò fi ẹsẹ̀ kọ níbìkan."

Ẹ gbọ́ ẹ̀tàn. Ẹ sì jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, mo rò ó. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń rí ara mi nínú gbọ̀ngàn, tí gbogbo yín dìde fún mi, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni mo fọ̀ ọ́ nù. Mo bi í pé bí n kò bá fún un ńkọ́. Ó ní, "Kò sí wàhálà. A ó jọ jókòó síbí." Ó tẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí ète rẹ̀. Ìda ti ń rọ̀ lọ́wọ́ mi. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ lára mi, ìka kan lára ẹsẹ̀ àparò ti ń pa rẹ́. Agbórúkọmì ń wò ó, ó ń fi ahọ́n lá ètè.

Inú bí mi. Ẹ mọ̀ pé bí inú bá bí mi, ohùn mi kì í mọ níwọ̀n. Mo yọ ìṣù amọ̀ jáde, mo da ojú ìda tó ní àmì dé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, mo sì kígbe pé, "Bàbá Ògán ló fún mi ní amọ̀ yìí, ìbàdí ara rẹ̀ ló ti bù ú." Agbórúkọmì ya ẹnu láti gbé orúkọ náà mì, ó há a lọ́fun. Ó wúkọ́. Ó ní, "Rọra pè é. Má fi iṣẹ́ mọ́ ọn. Orúkọ tó bá bá iṣẹ́ rẹ̀ wá, egungun ló ní." Èèyàn wo ló yẹ kó sọ irú ìyẹn fún Ògúntọ́nà? Mo dìde dúró lórí àpáta. Mo ní, "Ìyá Oyin tí mo jó nílé ló fi ara rẹ̀ mọ àmì yìí fún mi. Làmídì ló fi dígí rẹ̀ wò ó, tó ní kí n má fọ̀ ọ́, tí mo sì fọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró ló gbé bàbá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tí mo fi eérú gbo bàbá rẹ̀ dànù, tí kò sì ṣépè fún mi." Bí mo ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń di ọ̀fun mú. Ojú rẹ̀ ràn. Ó bì, orúkọ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń fò kọjá lórí mi lọ sílé wọn, mo sì gbọ́ Ògúnṣakin láàárín wọn kedere. N kò dúró kí i. Ọwọ́ rẹ̀ fa ẹ̀yìn dàńṣíkí mi ya bí mo ṣe gba àárín itan rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi ní ìkángun kejì, ìda ti yọ́ tán, ó ti ṣàn lọ sórí àpáta. Mo wo amọ̀. Ẹsẹ̀ àparò wà níbẹ̀. Ìwọ̀ wà níbẹ̀. Mo sunkún, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí.

Ọjọ́ ìṣílé, gbogbo yín wà níbẹ̀. Olóyè Arówólò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n sọ pé àmì náà kò hàn, òun yóò rí i pé wọ́n kọ orúkọ tèmi gàdàgbà. Mo ní n kò ta orúkọ fún Agbórúkọmì, n kò ní tà á fún òun. Mo gbé amọ̀ síwájú àwọn àgbà ìlú. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé pàápàá lè fi igi fa ìlà sí amọ̀. Ìlú kùn. Bàbá Làmídì dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé idẹ náà wá sójú oòrùn. Ó ní, "Ọjọ́ náà, ẹ̀gbin kò jẹ́ kí n mọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìwọ̀ náà wà. Amọ̀ yìí ti júwe rẹ̀ fún mi." Ó dá dígí rẹ̀ lé ìsàlẹ̀ ihò okùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá pe àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan. Ọsàn àti eérú mi ti jẹ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìwọ̀ náà ti jìn jù kò tíì tán, ó kù bí orí abẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sí ojú ibi tí amọ̀ ní kó wà gẹ́lẹ́. Wọ́n bi olóyè pé kí ni bàbá rẹ̀ máa ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ àparò. Olóyè wo ilẹ̀. Wọ́n gbé amọ̀ fún Ìyá Àwẹ̀ró. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pe bàbá rẹ̀ ní oríkì láì yọ ìka kúrò. Mo dìde níwájú gbogbo ìlú, mo ní èmi ni mo fọ̀ ọ́ nù.

Ìyá Àwẹ̀ró ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà yìí. Ẹni tó bá mọ̀wé kó kà á. Ògúnṣakin ló da idẹ yìí. Làmídì ló fi dígí wò ó. Bàbá Ògán ló fún wa ní amọ̀. Ìyá Oyin ló rántí. Àwẹ̀ró ló fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ògúntọ́nà ló fọ̀ ọ́ nù, òun náà ló wá a lọ. Ìlà tèmi ń dùn mí bí mo bá ń kọjá, ṣùgbọ́n n kò gbà kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá Làmídì ti kú lọ́dún tó kọjá. Ìyá Àwẹ̀ró ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ò lè wá jókòó síbí mọ́ láti sọ pé àwọn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bo àwọn ìlà yìí, yóò ku èmi nìkan, n ó sì di Arówólò. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Mo ro ó. Mo ro oyin mọ́kànlá, mo ro àpáta yẹn. Síbẹ̀, n ó pín in. Ẹ lọ sọ fún akọ̀wé.

Kí ló dé tí o ń mi orí, Súnmọ́nù? Sọ ọ́ sókè, ẹ̀rù kì í bà mí. O ní ta ló mọ ògiri yìí. Báwo? O ní ìwọ àti bàbá rẹ lẹ ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, nígbà tí mọ́tò kò lè gùn ún. O ní ibi ògiri yìí ni ẹ̀yìn bàbá rẹ ti yẹ̀, tí kò sì dìde dáadáa mọ́ títí tó fi kú. O ní lọ́jọ́ ìṣílé, o dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, o ń tẹ́tí, èmi sì pe ìkán, mo pe oyin.

Ẹ jẹ́ kí n dìde ná.

O mú mi, ọmọkùnrin. Láti àárọ̀ ni mo ti fi ẹ̀yìn ti iṣẹ́ ọwọ́ yín, tí mò ń bú àwọn aláìmoore. N kò ní àwáwí kankan. Ẹ foríjì mí, gbogbo yín. Ṣé sìmẹ́ńtì yẹn ṣì rọ̀? Ó dára. Gbé e wá. Lẹ̀ ẹ́ síbí, lábẹ́ ìlà tèmi, kí o jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, kí o fi ìka kọ ọ́ kó tó gbẹ. Kọ orúkọ, kọ iṣẹ́ mọ́ ọn. Bí akọ̀wé bá dé, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá. Bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá rẹ. Kí ni wọ́n ń pè é?